Orúkọ Aláwọ̀ Eérú

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ fìdí balẹ̀. Ìtàn mi kò gùn.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo ṣe ojú ìwé kan fún ẹbí wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nínú ilé mi ní Alékùwódò, ní Òṣogbo. Orúkọ gbogbo wa wà níbẹ̀, láti Òṣogbo dé Iléṣà. Ẹni tó wà láàyè, mo fi dúdú kọ ọ́. Ẹni tó ti lọ, àwọ̀ eérú. Nígbà tí ìyàwó mi kú, mo sọ orúkọ tirẹ̀ náà di eérú. Ó rọrùn fún mi ju kíkọ “olóògbé” lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì jáde lẹ́nu mi nípa rẹ̀ rí.

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí jẹun ní Iléṣà, wá ní òun fẹ́ tún un ṣe kó lè dára lójú fóònù. Ó yọ gbogbo àwọ̀ tí mo kùn. Gbogbo orúkọ di dúdú kan náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìbátan wa kan pè mí láti Kánò.

“Ẹ káàsán, sà. Mo rí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Màmá ńkọ́? Ẹ fún wọn ní fóònù kí n kí wọn.”

Mo wo ẹnu ọ̀nà yàrá. “Wọn ò sí nílé.”

“Ẹ bá mi kí wọn o!”

Mo pe Iléṣà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, o ti jí gbogbo òkú ilé wa!”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀ẹ́, Bàbá! Ṣé kí n wá máa dáná fún wọn ni?” Nígbà tí mo ṣàlàyé, ẹ̀rín tán. “Ẹ má bínú. Mo rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni eérú yẹn. Ohun tí orúkọ jẹ́, inú ọ̀rọ̀ tí a kọ gan-an ló yẹ kó wà. Aṣọ ni àwọ̀, ẹnikẹ́ni lè pààrọ̀ rẹ̀. Afọ́jú tí fóònù ń kàwé sí létí, ṣé ó máa gbọ́ eérú? Ẹ jẹ́ kí n kọ ‘olóògbé’ sí wọn.”

“Kọ ọ́ sí ti àwọn yòókù. Fi ti Màmá sílẹ̀ fún mi.”

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́. Nígbà tí mo kọ “olóògbé” tán, mo kà á sókè nínú ilé. Mo wá pe Kánò padà. Mo ní, “Ọmọ mi, ìyàwó mi ti kú.”

Àwọn àbúrò rẹ̀ ti pín aṣọ rẹ̀ tipẹ́. Mo ti fi ojú ìwé náà lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Ilé nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi, níbi tí mo ti ń dá jẹun.