Apá Kejì Tí Mi Ò Wò

Òṣèré tí mo fẹ́ràn jù lọ kì í fi ariwo sunkún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á káwọ́ lérí, wọ́n á yí gbirigbiri nílẹ̀, omi á máa dà lójú wọn bí ẹni tó ń gé àlùbọ́sà. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá mú ìròyìn burúkú wá bá a nínú fíìmù, fìlà orí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣí. Á gbé e lé orúnkún, á wá máa fi àtàǹpàkò tọ etí fìlà náà yípo, bí ẹni tó ń wá ibi tí òwú ti tú. Télọ̀ ni mí. Mo mọ ẹni tó ń wá ibi tí aṣọ ti tú lóòótọ́, mo sì mọ ẹni tó kàn ń fọwọ́ ṣeré. Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ rí i ni mo ti gbà á gbọ́.

Ó lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń wo fíìmù rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Kuje, níbi tí kò jìnnà sí Festac. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ wọ́n sí: irú ẹni tó ṣe, iye ọmọ tó bí nínú fíìmù náà, àti ohun tó gbẹ̀yìn àwọn ọmọ ọ̀hún. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n jẹ́ títí di àná.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni mo fara mọ́. Bí wọ́n bá fi í ṣe olówó, kì í dùn mọ́ mi. Agbádá tí wọ́n ń wọ̀ fún un máa ń tóbi jù, apá rẹ̀ á máa já bọ́ láti èjìká, èèyàn á sì rí i pé bó ṣe máa ká a sókè ló ń rò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Nínú ọ̀kan, ó wọ bùbá aláwọ̀ búlúù wọ yàrá, ó sì wọ aláwọ̀ ewé jáde láàárín ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn oníbàárà mi rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe ìkà, ó ṣe é débi pé ìyàwó mi ní kí n má tan fíìmù rẹ̀ nínú ilé òun fún odindi oṣù kan. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi í ṣe bàbá ọmọ, bàbá tálákà tó ní iṣẹ́ ọwọ́, mi ò tíì rí ẹni tó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Mi ò rántí bó ṣe ń báni wí. Nígbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, ọkùnrin inú fíìmù yìí ni mo ń wò kí n lè mọ ohun tí bàbá ń ṣe bí ọmọ bá purọ́, bí ara ọmọ kò bá yá, bí ọmọ bá pẹ́ níta. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ nílé. Àkọ́bí mi obìnrin ló sọ ọkùnrin náà ní Bàbá Dádì. Bí àwòrán rẹ̀ bá ti yọ, á pariwo láti pálọ̀: "Dádì, ẹ máa bọ̀ o, bàbá yín ti dé!"

Èyí tí mo gbé lékè gbogbo wọn ni èyí tó ti ṣe aránbàtà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un. Ọmọ náà dàgbà, wọ́n gbà á sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú kan tó jìnnà, ó sì di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí. Bàbá yìí ò na ọmọ, kò jágbe mọ́ ọn. Ó kàn gbé àpótí náà, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀, ó sì jókòó lé bẹ́ẹ̀dì náà. Ọmọ wọlé wá, ó kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí. Ojú bàbá ni wọ́n fi parí rẹ̀, ojú ẹni tó ti kó gbogbo ohun tó ní sí abẹ́ ààbò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká máa retí apá kejì.

Ọjà Àgbójú ni mo ti ra apá kìíní yẹn, nígbà tí fíìmù ṣì wà nínú àwo. Àkọ́bí mi kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ bèèrè apá kejì. Nígbà kìíní, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ Ẹtì ló ń bọ̀." Nígbà kejì, ó tún ní ọjọ́ Ẹtì. Nígbà kẹta, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọmọ yín ló wà nínú fíìmù yìí ni? Kò jáde. Ẹ mú òmíràn lọ, ẹ jọ̀ọ́."

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí òun náà kó àwo kúrò nílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣájà fóònù. Èmi gbàgbé pé apá kejì kankan wà. Apá kìíní wá di odindi fíìmù lójú mi. Mo sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn oníbàárà tí ọmọ wọn ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo sọ ọ́ fún àbúrò ìyàwó mi. Mo ní kò sí bàbá tó ṣe bàbá jù báyẹn lọ.

Ohun tó jẹ́ kí ìtàn náà wọ̀ mí lára jù ni ọjọ́ Àìkú tí gáàsì bú gbàmù ní Abúlé Adó. Ọmọ ọdún méjìlá ni àkọ́bí mi. Ó bẹ̀ mí pé òun fẹ́ bá ọ̀rẹ́ òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní ìhà ibẹ̀, mo sì gbà. Fèrèsé ilé wa mì, òrùlé dún, èéfín dúdú gun òkè. Mo sáré láti Kuje dé ibi tí wọ́n ti ń dá àwọn èèyàn padà. Wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú ni mo fi wá a kí n tó rí i, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Kò fara pa. Eruku ló bo irun rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ní òun ń lọ síbì kan, mo máa ń bèèrè orúkọ òpópónà, nọ́ńbà ilé, àti ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn fún un.

Ní ọdún yìí, ó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, wọ́n sì gbà á sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìhà Ìlọrin, láti kọ́ṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ tí òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí wọ́n tó fún un ní yàrá. Bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá kọjá láìdé ọwọ́ wọn, ẹlòmíràn ló máa gba àyè náà. Mo ka lẹ́tà yẹn, mo ká a sí mẹ́rin, mo fi í sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo sì tì í pa. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ká wá ilé ẹ̀kọ́ tó lè máa tilé lọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Dádì."

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo lọ bá ìyàwó mi ní kíṣìnnì, mo ní bó ṣe rí nínú fíìmù gẹ́lẹ́ ló rí.

"Fíìmù wo?" Kò tiẹ̀ yíjú padà. "Èyí tí ẹ ò wò tán yẹn? Apá kìíní lẹ fi ń tọ́mọ láti ọjọ́ yìí."

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí a sì jẹun tán, ọmọ náà gbé fóònù rẹ̀ wá. Ó ní, "Dádì, mo rí apá kejì."

"Apá kejì kí ni?"

"Ti aránbàtà. Ẹnì kan ló gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá, bàbá yín ti dé."

Ó gbé fóònù ti ìgò omi lórí tábìlì. Ìyá rẹ̀ jókòó, àbúrò rẹ̀ jókòó, èmi náà sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àkọ́bí mi. Àwòrán fíìmù náà kò mọ́ dáadáa. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, ibi tí apá kìíní parí sí ni wọ́n kọ́kọ́ tún fi hàn: ọmọ kúnlẹ̀, bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, ojú bàbá. Mo ti ń mi orí. Ṣùgbọ́n wọn ò dúró níbẹ̀ mọ́. Wọ́n yí kámẹ́rà padà, wọ́n sì fi ojú ọmọ hàn.

Ojú rẹ̀ gbẹ. Kò bínú, kò sì sunkún. Ó dà bí ẹni tí wọ́n pa iná mọ́ lójú, tó wá dúró jẹ́ẹ́ kí òkùnkùn náà mọ́ ọn lára.

Mi ò lè wo ẹ̀gbẹ́ mi. Lọ́jọ́ tí tèmi kúnlẹ̀, orí rẹ̀ ni mo wò. Mi ò wo ojú rẹ̀.

Nínú fíìmù náà, ọdún gorí ọdún. Bàbá di arúgbó, ọmọ ló ń gbọ́únjẹ fún un, òun ló ń dì í mú lọ sẹ́yìn ilé. Kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó ṣépè. Wọ́n da pọ́dà sí bàbá lórí kí irun rẹ̀ lè funfun.

"Ó mà kù díẹ̀ kí bàbá yìí sín o," ni ìyàwó mi wí, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín, àkọ́bí mi náà rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni bàbá ní kí ọmọ fa àpótí yẹn jáde. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i fúnra rẹ̀. Ọmọ náà mú gáùn kan tó dì sínú rẹ̀ lọ́jọ́sí jáde, ó gbé e síwájú ara rẹ̀. Mo sún mọ́ fóònù. Mo wo ojú rírán ẹ̀gbẹ́ gáùn náà, mo wo ìbàdí obìnrin tó gbé e dání. Ẹni tó rán an kò fi àlékún kankan, aṣọ tí a máa ń ká sínú ojú rírán, sílẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ibi tí èèyàn lè tú kí gáùn náà lè gba ìbàdí rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá gbé e wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, màá dá a padà.

Bàbá náà rí i. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí orí, kò bá fìlà níbẹ̀. Ó wá gbé ọwọ́ náà dúró sókè bẹ́ẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Nínú mọ́kànlélógójì tí mo ti wò, mi ò rí ibi tó ti ṣeré tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó parí, àbúrò àkọ́bí mi dìde lọ mu omi. Àkọ́bí mi pa fóònù.

"Dádì, ẹ má bínú. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dójú tì yín."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ní òun ló mọ bàbá ṣe jù. Mo ní kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ nígbẹ̀yìn ni."

"Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ lọ́hùn-ún ńkọ́?"

"Ó lè ṣẹlẹ̀, sà. Abúlé Adó ò jìnnà sílé."

Ìyá rẹ̀ ní, "Héè! Ẹnu ẹ!" ṣùgbọ́n mo ní kó jẹ́ kó sọ ọ́. Òótọ́ ni.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í ṣí i lọ́jọ́ Àìkú. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó fọwọ́ sí i. Nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọn ò ti bèèrè ohunkóhun, mo kọ ọ́ pé oògùn ibà kan máa ń mú ara yún un, mo kọ orúkọ oògùn náà, mo kọ irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, mo sì kọ nọ́ńbà fóònù mi àti ti ìyá rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, àkọ́bí mi ya fọ́tò lẹ́tà náà, ó sì fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ tó máa lọ, mo sìn ín dé gáréèjì. Mo bèèrè lọ́wọ́ dírẹ́bà ìgbà tó yí táyà gbẹ̀yìn. Ó ní, "Bàbá, táyà yìí dára ju bàtà yín lọ." Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Màmá kan tó jókòó sọ́wọ́ ẹ̀yìn ní, "Ẹ wọlé, bàbá ọmọ, ká jọ máa lọ!"

Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ mi ló ń wò.

"Dádì, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Aṣọ."

"Aṣọ ta ni?"

Ṣẹ́ẹ̀tì mi méjì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi ni. Ó gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ mi, ó wo inú rẹ̀, ó sì dá a padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó kúnlẹ̀ nínú eruku gáréèjì. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí mo fi rí ojú rẹ̀. Omi wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù wà nínú rẹ̀, ó sì ń kánjú.

Aago méjọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọkọ̀ náà gbéra. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo gé ṣòkòtò kan, mi ò sì rán an. Ní aago mẹ́ta, ìyàwó mi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ pè é kẹ̀." Mo ní yóò pè bó bá dé. Ó ṣẹ́kù ìṣẹ́jú márùndínlógún kí aago mẹ́rin lù tí fóònù dún, fóònù ìyá rẹ̀ ni. Òun àti ọmọ sọ̀rọ̀ pẹ́. Mo jókòó sí ìdí ẹ̀rọ, mo ń dúró kó kàn mí.