Mosúnmọ́lá àti Bàbá Ìdí Sítóòfù

Tí ẹ bá fẹ́ mọ àwọn tí Mosúnmọ́lá ò kà sí èèyàn, ẹ fìdí kalẹ̀, torí wọ́n pọ̀. Àwọn tó ń háyà yàrá ní Stone Mountain, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà níbi tó ń gbé, kò kà wọ́n sí. Àwọn tó ń kó páálí ní Conyers, alábàárù ni ó ń pè wọ́n. Òun ni nọ́ọ̀sì, òun ló nílé ní Snellville, ilé ńlá tí igbó àti odò kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í, ó sì ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn.

Tọkọtaya ará Ṣáínà kan ló ta ilé náà fún un. Wọ́n fi àwòrán bàbá onírùngbọ̀n kan sílẹ̀ lára ògiri lókè sítóòfù. Ìyàwó ọ̀hún bẹ̀ ẹ́ pé bí ọdún bá ń parí lọ, kí ó máa fi oyin ra ètè bàbá náà, torí òun ló ń gòkè lọ ròyìn fún ọ̀run nípa ohun tí wọ́n ń sọ ní ilé ìdáná. Mosúnmọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ tó kó wọlé ló fi ọ̀bẹ ha àwòrán náà dànù, tó sì da òróró àdúrà sára ògiri.

Àwòrán lọ, bàbá ò lọ. Ó yọ láti ẹ̀yìn sítóòfù, kò ga ju orúnkún lọ. Ẹni tó bá lójú á rí irùngbọ̀n funfun yẹn, á sì kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n gíga ni Mosúnmọ́lá fi ń mọ àgbà. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, gbé abọ́ yẹn wá." Obìnrin tó máa ń bínú bí wọn ò bá fi Aunty ṣíwájú orúkọ òun! Bàbá gbé abọ́ wá, ó sì ń gbọ́.

Ohun tó ń gbọ́ kò dáa. Bí Mosúnmọ́lá bá ti ń din dòdò, á ti máa fi ìyàwó pásítọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù, á sì bọ́ sórí Tẹniọlá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. "Olódo ni jàre, bàbá ẹ̀ ló jọ." Ọmọ náà jókòó síbẹ̀, ó ń kọ iṣẹ́ iléèwé rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Tẹniọlá di àwátì. Mosúnmọ́lá wá gbogbo ilé, ó wá etí odò, ó figbe ta. Ẹ̀rù bà á dé egungun, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn.

Bàbá sọ fún un pé, "Ọ̀dọ̀ àwọn ará inú àpáta ló wà. Àwọn Cherokee tó ni ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀ mọ̀ wọ́n dáadáa. Èèyàn kúkúrú ni wọ́n bíi tèmi, irun wọn gùn dé gìgísẹ̀. Ọmọ tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́ ni wọ́n ń gbà sílé. Wọ́n máa ń gbọ́ tèmi."

Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Daddy, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, sà. Kò sí nǹkan míì tí mo ní."

Bàbá wọ inú igbó lọ. Nígbà tó padà, Tẹniọlá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ewé wà nínú irun rẹ̀. Obìnrin kúkúrú méjì dúró sídìí igi, wọ́n ń wò.

Mosúnmọ́lá di ọmọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún. "Ọkọ mi, o sọnù! Thank God, mo rí ẹ!"

"I wasn't lost, Mummy. Èmi ni mo lọ. They don't laugh at people there."

Kí Mosúnmọ́lá ṣáà dákẹ́. Ohun tó kù kò ju ìyẹn lọ. Bàbá ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n Mosúnmọ́lá wo àwọn obìnrin náà láti òkè délẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ wọn tí kò ní bàtà, ó sì yínmú.

"They who? Àwọn wọ̀nyí? Homeless tó ń sùn sábẹ́ òkúta?"

Tẹniọlá rọra yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀ díẹ̀, ó sì padà sínú igbó. Bàbá náà tẹ̀lé e.

Mosúnmọ́lá tún kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó kù tí yóò bá a bẹ̀ wọ́n.