Súfèé Inú Etí Alápatà

"Ta ló ń súfèé sí mi?" Bí alápatà tí a jọ ń gbé agboolé ní àdúgbò Asawase bá ti bèèrè báyìí, kí ẹni tó wà lápá òsì rẹ̀ yáa tètè sá. Màlúù ló ta á nípàá lórí, súfèé sì wọ etí òsì rẹ̀, kò jáde mọ́. Òun rò pé ènìyàn ló ń fi òun ṣẹlẹ́yà. Ó gbá èmi náà létí rí. Eyín mi méjì fò dé Bantama lódìkejì ìlú, takisí ni wọ́n wọ̀ padà.

Lọ́jọ́ kan, ó yọ ọ̀bẹ sí ìyàwó rẹ̀ nídìí agbada àkàrà.

"Ìyá Ìbejì, ìwọ ni."

"Jẹ́ kí n dín èyí ná, Bàbá Ìbejì."

Ó da ẹ̀wà lílọ̀ sínú òróró gbígbóná, ó dún ṣàà. Ọ̀bẹ dúró lókè.

"Súfèé náà ti dákẹ́," ni ọkọ rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Wàláhì, dín òmíràn."

Ó jókòó ti agbada, ó sì sùn lọ.

Láti ìgbà náà, àkàrà ni gbogbo agboolé ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Inú ń run wá, ṣùgbọ́n bí a kò bá rà á, òróró yóò tutù, alápatà yóò sì jí.