Ẹnu Mi Ló Ń Ṣọ́ Ìyá Tóbi

Nítorí ẹnu mi ni Alhaji tó ni ilé ìpè fóònù ṣe gbà mí síṣẹ́. Mo ti Ìkàrẹ́ wá sí Ọ̀wọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1993, wọ́n sì ní kí n dáhùn fóònù kí àwọn gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo kí ẹni tó pè, mo kí àwọn ará ilé rẹ̀, mo bi í bóyá òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Alhaji rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Fọlákẹ́, ẹnu rẹ dùn. Ibi tí wọ́n bá ti kí oníbàárà dáadáa ló máa ń padà sí."

Fóònù ò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà. Ọ̀dọ̀ wa, ní ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Benin, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pe ará wọn, àwọn tó wà lókè òkun àti l'Ékòó náà sì máa ń pè wá láti bá ará ilé sọ̀rọ̀. Ẹni tó pè á dárúkọ ẹni tó fẹ́, á ní òun ń tún pè bọ̀. Màá kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, màá fi rán ọlọ́kadà. Tí ẹni náà bá dé, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Èmi ni mo ń kọ́kọ́ gbé fóònù lórí káńtà, kí n tó darí ẹ̀ sí yàrá kékeré onígíláàsì tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ìpè ni mo ń kọ sínú ìwé ńlá kan: ọjọ́, aago, ẹni tó pè, ẹni tí wọ́n pè.

Ìyá Tóbi, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n ń pè. Èkó ni ọkọ rẹ̀ wà. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, ní agogo mẹ́rin géérégé, ọkùnrin náà á pè. Ohùn rẹ̀ tutù, àbúrò ló máa ń pè mí.

"Àbúrò mi, ṣé ó ti dé? Aṣọ wo ló wọ̀? Ta ló gbé e wá?"

Èmi náà á rò ó fún un. "Ó ti dé o, bọ̀ọ̀dá mi. Àǹkárá aláwọ̀ ewé ló wọ̀, ó mà yẹ ẹ́ o! Ọlọ́kadà kan tó pupa ló gbé e wá, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín bọ̀ ni."

Mo rò pé ìfẹ́ ni. Mo tilẹ̀ ń gbàdúrà kí Ọlọ́run fún èmi náà ní ọkọ tí yóò máa béèrè aṣọ tí mo wọ̀. Ọ̀dẹ̀ ni mí nígbà náà.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Ìyá Tóbi jáde nínú yàrá gíláàsì. Ó di káńtà mi mú.

"Fọlákẹ́, ó ti mọ̀ pé mo kó lọ sí Isuada. Ta ló sọ fún un?"

"Èmi ni, mà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ibi tí àwọn á ti rí yín bí àwọn bá wá."

Ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé lílù ló lé òun kúrò l'Ékòó. Ọkùnrin náà ló pàṣẹ agogo mẹ́rin. Ọjọ́ tó bá pè tí ìyàwó ò sí níbẹ̀, ó ní òun á wá gbé Tóbi lọ. Aṣọ tí mo ròyìn, ọlọ́kadà tí mo ròyìn, gbogbo rẹ̀ ló ń tún kà sí ìyàwó létí, á ní ojú òun wà lára rẹ̀ níbikíbi. Ìyá Tóbi ti bá onílé rẹ̀ jà, ó rò pé onílé náà ló ń ṣòfófó òun. Ìdí nìyẹn tó fi kó kúrò nígboro.

Ó ní, "Mo ń wá ẹni tó ń ṣọ́ mi káàkiri, àṣé ìwọ tó ń bu omi tútù fún mi ni. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀.

"Mo sọ fún bàbá mi ní Ute. Wọ́n ní ọkọ tó ń pe ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ni mo tún ń wá?"

Mo jẹ́wọ́ fún Alhaji. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́. Gbé ìwé ìpè, àwa àti Ìyá Tóbi ń lọ sí Ute lọ́la."

Bàbá náà gba ìwé, ó fi ìka tọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ sì ń dùn. "Ẹ wò ó! Kò pa ọjọ́ kan jẹ. Irú ọkọ wo ló tún kù?"

Ọkàn mi bàjẹ́. Alhaji ní kí n pa ìwé dé, kí n sọ ohun tí ọkùnrin náà máa ń bi mí. Mo sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́: aṣọ wo, ta ló gbé e wá, ta ló bá a sọ̀rọ̀, ilé wo ló ń sùn sí.

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé ó máa ń béèrè àlàáfíà rẹ?"

"Rárá, Bàbá."

"Ti Tóbi ńkọ́? Ṣé ó ti kí èmi rí?"

"Rárá."

Èmi tí wọ́n tìtorí ìkíni gbà síṣẹ́, mi ò kíyè sí i rí pé ọkùnrin yìí kì í kí ẹnikẹ́ni. Bàbá dìde. "Kó ẹrù rẹ, kí o máa bọ̀ ní ulé, lọ́dọ̀ mi níbí."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá ló wọ yàrá gíláàsì. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ó ní òun sọ fún un pé kó kó ẹbí rẹ̀ wá bá òun, ọkùnrin náà sì gé fóònù. Kò wá. Ṣùgbọ́n kò yéé pè: lónìí á ní dókítà ni òun, lọ́la á ní òun jẹ́ pásítọ̀. Mo mọ ohùn rẹ̀. Ìdáhùn kan náà ni mò ń fún un, pé a ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọmọbìnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ lẹ́yìn náà ni mo kọ́ pé kí wọ́n gba orúkọ ẹni tó pè, kí wọ́n má ròyìn ẹni tí wọ́n pè.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, ó fi ohùn ara rẹ̀ pè. Ó ń sunkún. "Àbúrò mi, mo ti yí padà. Ṣáà sọ fún mi bóyá wọ́n wà láàyè."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo rí Tóbi lọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká, ó sì ń fi àlàfo ibẹ̀ súfèé. Ìròyìn tó dùn ún sọ ni. Mo gbé e mì, mo sì gbé fóònù kalẹ̀.