Ìdí Tí Màmá Àlùmọ́gàjí Fi Ń Jáde

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Màmá Àlùmọ́gàjí fi jẹ́ ọ̀gá wa ní yàrá tí a ti ń gé aṣọ ní ilé-iṣẹ́ aránṣọ. Ọjọ́ tí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ bá kọ́kọ́ fẹ́ gé aṣọ olówó gọbọi, á fa àlùmọ́gàjí tirẹ̀ lé e lọ́wọ́, á sì jáde. Inú a máa bí mi: irú ọ̀gá wo ló ń juni sódò, tí kì í dúró wòran?

Nígbà tó kàn mí, mo gé e, ó gún régé. Mo sáré lọ sọ fún un. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo bá a, tó fara ti ògiri, tí òógùn bò ó.

“Ẹ̀rù ń ba ẹ̀yin náà, mà?”

“Gan-an ni. Bí mo bá dúró, màá gbà á lọ́wọ́ rẹ.”