Àwọn Tó Bá Wa Kọ Ebè Ló Sun Ilé Wa

Mo ti dàgbà, orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ìbínú mi kò tíì darúgbó. Bí mo bá rántí àwọn tó sun ilé bàbá mi lọ́dún tí ọ̀rọ̀ ìbò dá ìjà sílẹ̀ láti Ìjerò títí dé Ẹ̀fọ̀n, mo ṣì máa ń ṣẹ́ èpè fún wọn. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé jàǹdùkú àjèjì ni wọ́n. Irọ́ ni. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Àwọn tó ń bá bàbá mi ṣe àáró ni.

Àwọn mẹ́fà ni wọ́n jọ ń ṣe é. Bí wọ́n bá kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, olóko á gún iyán fún wọn, lọ́jọ́ mìíràn á kan oko ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe tirẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè àáró kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, kò sì lè pe ẹni tó jẹ lẹ́jọ́.

Tíṣà ni mí nígbà náà nílé ẹ̀kọ́ kan ní Aramọkọ, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé mo máa ń gbé omi lọ fún wọn lóko. Mo rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà. Orin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, orin iṣẹ́ di orin òṣèlú. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan gbé bíà àti fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú wá fún wọn. Mùsùlùmí ni bàbá mi, kì í mutí, ẹgbẹ́ kejì ló sì ń ṣe, nítorí náà kò gba bíà, kò gba fìlà. Wọ́n wá ń pe àwọn tó ń ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìdin. Wọ́n á pè é tán, wọ́n á rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ti sun ilé wa. Ta ni í káàánú ìdin? Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá a ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo, ojú á tì í. Nígbà tí wọ́n pọ̀, kálukú fi ìtìjú tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnì kejì.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ni wọ́n dé pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èrò, wọ́n fi èédú kun ojú. Èmi àti bàbá mi sá sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ la ti ń wo garawa bẹntiróòlù bó ṣe ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bàbá mi mọ mẹ́ta nínú wọn. Ẹni tó bá ti ń kọ ebè níwájú rẹ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, o ò nílò ojú rẹ̀ kí o tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà ló ju iná, èjìká òsì rẹ̀ kọ́kọ́ gbé sókè bó ṣe máa ń gbé bó bá fẹ́ fi ọkọ́ balẹ̀. Gbogbo kòkó gbígbẹ wa jóná mọ́lé.

Mo ní ká lọ bá ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ní ó di ìgbà díẹ̀. Mo bú u nínú ọkàn mi, mo pè é ní ojo.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó gbé ọkọ́ àti àdá, ó gba ọ̀nà oko ọkùnrin tó ju iná. Mo tẹ̀lé e. Mo rò pé ó fẹ́ lọ pa á ni, inú mi sì dùn, mi ò ní purọ́. Ó dé oko náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń kọ ebè. Wọ́n ti bá wa kọ tiwa kí wàhálà tó dé, oko ọkùnrin yìí ló kàn. Olóko dé, ó dúró. Ìyàwó rẹ̀ gbé iyán wá bí àṣà àáró. Bàbá mi kò wò ó. Nígbà tó parí ìpín tirẹ̀, ó nu ọkọ́ rẹ̀.

Ó ní, “Mo ti ṣe uṣẹ́ rẹ tán. Mi ò jẹ ọ́ ní àáró mọ́. Ìwọ lo sun ulé mi, mò ń lọ bá ọlọ́pàá.”

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn mẹ́ta tó mọ̀ ló dárúkọ. Nígbà tó kàn mí, mo dárúkọ mẹ́rin. Ìkẹrin jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ àáró náà, òun ló pè mí ní ọmọ ìdin lójú ọjà. Bàbá mi yíjú sí mi.

Ó ní, “Ṣé o rí i?”

Mo ní mo rí i. Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò rí i o. Mo kórìíra rẹ̀ ni.

Ní kóòtù, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń sọ pé oko àna òun ní Ẹ̀fọ̀n lòun wà lọ́jọ́ náà. Ta ló máa gbà á gbọ́? Fìlà àti orin wọn ti jẹ́rìí tì í. Wọ́n kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sẹ́wọ̀n. Lọ́jọ́ náà mo sùn dáadáa.

Lọ́dún kejì, ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn mú lẹ́tà wá bá mi nílé ẹ̀kọ́. Kò mọ̀wé, èmi sì ni tíṣà tó sún mọ́ ọn jù. Ó kúnlẹ̀ fún mi, èmi tó tó bí lọ́mọ, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun ka ohun tí ọmọ òun kọ láti ẹ̀wọ̀n. Ọmọ náà kí i, ó ní ara òun le, ó ní kó tọ́jú kòkó òun. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé kí ìyá òun bi tíṣà léèrè ibi tó ti rí òun.

Mo ka gbogbo lẹ́tà náà fún un. Mi ò ka ìlà yẹn.