Ẹja Abilà Inú Pálọ̀ Wa

Láwọn ọdún 1970 tí a ń gbé Àgùdà, ọkọ mi lọ pẹja létí òkun. Ẹja kan ṣoṣo ló gbé bọ̀, láàyè, nínú korobá. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ìlà dúdú sì wà lára rẹ̀. Mo ti gbé epo kaná.

“Sísìn ni mo fẹ́ sìn ín,” ló wí. “Àárín òkúta tí wọ́n fi ń dá ìgbì dúró ni irú wọn ń gbé.”

Ó bu omi òkun sínú àpótí gíláàsì, ó sì gbé òkúta kan tí ewédò ti bò sí i.

Ìyá rẹ̀ tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ ti ìka bọ omi. Ẹja yọ fìrì, ó bù ú jẹ.

“Yéè! Kí ni mo fi ṣe é?”

“Ẹ fọwọ́ kan ewédò rẹ̀ ni, Màmá,” ọkọ mi wí. “Oko rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ ló ti ń jẹun.”

“Oko tí kò tó àwo ọbẹ̀! Bàbá ẹ tó ní oko ẹ̀gẹ́ títí dé odò, ta ló bù jẹ rí?”

Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni Màmá ń kí ẹja náà: “Baálẹ̀, ẹ ò jí ire bí?”

Àfi ìgbà tí ọkọ mi, ẹni tí kì í fẹ́ rí ìdọ̀tí, yọ òkúta náà, tó fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ títí ó fi funfun. Ẹja wá oko rẹ̀ tì. Ó fara ti igun, àwọ̀ rẹ̀ ṣí, kò jẹ ìrẹsì tí a fún un.

“O roko olóko dànù, o wá ń bu ìrẹsì fún un,” Màmá wí. “Dá a padà.”

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la wọkọ̀ lọ sétí òkun. Màmá kò rí òkun rí. Ó di ìró mi mú pinpin. Bí ọkọ mi ṣe da ẹja sáàárín òkúta, irú rẹ̀ kan já jáde, ó ń lé e kiri.

“Fi í sílẹ̀!” ọkọ mi pariwo, bíi pé ọmọ aládùúgbò ló ń bá wí.

“Ṣé ẹja yẹn mọ̀ ẹ́ ni?” Màmá bi í. “Jẹ́ kí Baálẹ̀ wá oko tiẹ̀.”

A dúró títí. Ẹja wa rí ihò kan lábẹ́ òkúta tó ní ewédò, ó wọlé, ó sì lé akàn kékeré kan jáde. Màmá pàtẹ́wọ́.

Ọkọ mi yíjú sápá kan, ó ń nu ojú.

“Ẹkún nìyẹn ni?” Màmá bi í.

“Omi òkun ló ta sí mi lójú.”

Ohun tó ń wí títí dòní nìyẹn. Èyí tí Màmá rò fún wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ yàtọ̀.